Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: KÍ A TÓ YÁ OWÓ ELÉLÉ RA FÓÒNÙ TUNTUN

  

Ní Adó-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀ lónìí, orí fóònù ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wo èsì JAMB, ibẹ̀ náà ni oníṣòwò ti ń bá oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń wọ́ bí ìgbín, ọ̀pọ̀ a máa sọ pé fóònù ti gbó, àfi kí a ra òmíràn. Bí owó kò bá sí, àwọn kan a lọ yá owó elélé. Bẹ́ẹ̀ Ọlọ́hun ti ṣe èlé ní èèwọ̀ (Sùúrà Bákárà, áyà 275 sí 279). Torí a máa jẹ ẹran, a kì í pe màlúù ní bọ̀ọ̀dá. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń fa ìfàsẹ́yìn náà.

Ọdún 2001 ni GSM dé Nàìjíríà. 2G ló kọ́kọ́ wà. 3G tẹ̀lé e. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ 4G ní 2016. 5G dé ní 2022. Ẹ wo òkè ojú fóònù yín. Bí ẹ bá rí E, 2G ni. H túmọ̀ sí 3G. LTE túmọ̀ sí 4G. Fóònù tó lè gba 4G ṣùgbọ́n tó ń gba E dà bí ọkọ̀ tó ń fi jíà kìíní rìn.

1. Ètò fóònù: Ẹ lọ sí 'Settings', kí ẹ wá 'Mobile network', lẹ́yìn náà 'Preferred network type'. Ẹ mú èyí tó ní 4G tàbí LTE nínú.

2. Ojú símù: Lórí ọ̀pọ̀ fóònù àtijọ́ tó ń lo símù méjì, ojú kan ṣoṣo ló ń gba 3G tàbí 4G, 2G nìkan ni èkejì ń gbà. Ojú tó yá ni kí ẹ fi símù dátà sí.

3. Símù fúnra rẹ̀: Símù tí ẹ ti gbà kí 4G tó dé lè máà gbé e. Ẹ mú NIN yín lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà yín kò ní yí padà.

4. Ibi tí a wà: Láti Adó títí dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, òkè àti àpáta ló yí wa ká, wọ́n sì máa ń dí ọ̀nà láàárín òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti fóònù. Ẹ sún mọ́ fèrèsé tàbí kí ẹ bọ́ síta. Bí 4G bá ń wá tó ń lọ, 3G tó dúró ṣinṣin lè sàn jù ú lọ.

5. Àwọn tó ń jẹ dátà ní kọ̀rọ̀: Ẹ má jẹ́ kí WhatsApp máa fa fídíò wọlé fúnra rẹ̀, 'Storage and data' ni ẹ ó ti pa á. Ẹ sọ fún Play Store pé Wi-Fi nìkan ni kó fi máa tún áàpù ṣe. Opera Mini a máa fún ojú ìwé pọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Dátà tó ń ṣòfò bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìnákúnàá, èyí tí Sùúrà Isrá, áyà 26 àti 27, kọ̀ fún wa.

6. Àyè inú fóònù: Fóònù tó kún fọ́fọ́ kì í yára, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tilẹ̀ dára. Ẹ pa fídíò àti áàpù tí ẹ kò lò rẹ́, kí ẹ sì pa fóònù, kí ẹ tún un tàn.

7. Àkókò: Èrò kì í pọ̀ lórí òpó lẹ́yìn ìrun Àsùbá. Ìgbà náà ni kí ẹ fa ìwé tàbí wáàsí tó tóbi wọlé.

Ṣùgbọ́n fóònù tí wọn kò ṣe fún 4G kò lè gbà á, ohun yòówù kí a tẹ̀. Bí ti yín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dá àjọ tí kò ní èlé, kí ẹ fi ra àlòkù tó ní 4G. Sùúrù oṣù díẹ̀ sàn ju gbèsè elélé lọ.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: (a) Lẹ́tà wo ló wà lókè fóònù yín? (b) Báwo ni ẹgbẹ́ wa ṣe lè dá àjọ fún ọmọ ẹgbẹ́ tó nílò fóònù fún ẹ̀kọ́?

Kí Ọlọ́hun fi hàláàlì Rẹ̀ tó wa, kí Ó má jẹ́ kí a wọ gbèsè èlé. Àmín.