Ara Odò àti Ìwà Rẹ̀: Àwọn Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ fún Ìtọ́jú àti Ìmúbọ̀sípò Odò

Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti dábàá àwọn ọ̀rọ̀ tí a lè lò láti fi kọ́ni nípa odò ní èdè Yorùbá. Kì í ṣe pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀. Ohun tó kù ni pé kí a pààlà sáàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Bí a bá ṣe pe nǹkan ni a ó ṣe máa bá a lò. Bí a bá pe ilẹ̀ etí odò ní ilẹ̀ òfìfo, a ó kọ́lé sí i.

1. Ara odò

"Bèbè" ni etí odò tó ga ní ọ̀tún àti ní òsì. Ààrin bèbè méjèèjì ni "ojú odò", níbi tí omi ń gbà lójoojúmọ́. Ibi tó jìn nínú rẹ̀ ni "ibú". Lẹ́yìn bèbè ni ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí omi ń bò nígbà tí odò bá kún. Àwọn àgbẹ̀ wa ti ní orúkọ fún un tipẹ́: "àkùrọ̀", níbi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. A fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí ju "àbàtà" lọ, nítorí pé ẹrẹ̀ kì í sábà gbẹ ní àbàtà, ṣùgbọ́n àkùrọ̀ a máa kún, a sì máa fà. Kí olùkọ́ tẹnu mọ́ ọn pé àkùrọ̀ kì í ṣe aládùúgbò odò. Ara odò ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ díẹ̀ ni odò ń lò ó lọ́dún.

2. Ìwà odò

"Ìwọ̀n ìṣàn" ni iye omi tó ń kọjá ní ojú kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fífẹ̀ odò, jíjìn rẹ̀ àti eré omi ni a ń sọ di púpọ̀ kí a tó rí i. Bí odò bá fẹ̀ ní mítà 10, tó jìn ní mítà 1, tí omi sì ń sáré ìdajì mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, lítà 5,000 ni yóò máa kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan.

Odò kì í gbé omi nìkan. Yanrìn, ẹrẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ ni "ẹrù odò". Níbi tí omi ti ń sáré, yóò máa ru ẹrù; níbi tí eré rẹ̀ ti dín kù, yóò sọ ọ́ kalẹ̀. Nítorí náà ni odò ṣe ń jẹ bèbè ní ìhà kan, tó sì ń kó yanrìn jọ sí ìhà kejì, títí tí ojú rẹ̀ yóò fi rí wọ́rọ́kọ́. "Ìwọ́rọ́kọ́" ni a dábàá fún èyí. A kò gé e kúrú sí "ìwọ́", kí ó má baà dà pọ̀ mọ́ ìwọ́ ọmọ. Òwe wa ní igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú. Ti odò kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ́rọ́kọ́ ní í dín eré omi kù, òun ní í sì fún ẹja ní ibú àti ibi tí kò jìn.

3. Odò tí a tọ́, tí a sì tún dá padà

Ẹ jẹ́ kí a fi odò Kissimmee ní Florida, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe àpẹẹrẹ. Lẹ́yìn tí ìjì àti òjò ọdún 1947 mú kí omi bo ilẹ̀ púpọ̀ níbẹ̀, ìjọba pinnu láti tọ́ odò náà. Láàárín ọdún 1962 sí 1971, odò tó gùn ní nǹkan bíi kìlómítà 166 di kòtò gbọọrọ tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà 90 lọ. Wọ́n kọ́ ìlẹ̀kùn omi 6 sí i láti máa fi ṣàkóso omi. Omi kò ya lọ sílé mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n kò dé àkùrọ̀ mọ́ pẹ̀lú. Àkùrọ̀ gbẹ, omi inú kòtò dúró bí adágún, àwọn pẹ́pẹ́yẹ omi tí í wá síbẹ̀ lásìkò òtútù sì dín kù ju ìdá 90 lọ nínú ọgọ́rùn-ún.

Ní ọdún 1999, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dí nǹkan bíi kìlómítà 35 nínú kòtò náà padà, kí omi lè gba ojú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́. Iṣẹ́ náà parí ní ọdún 2021. Ẹja àti ẹyẹ sì ti ń padà bọ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ní láti ra ilẹ̀ àkùrọ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ kí odò tó lè padà síbẹ̀. "Ìmúbọ̀sípò odò" ni a pe irú iṣẹ́ yìí. A kò pè é ní "àtúnṣe", nítorí pé àwọn tó tọ́ odò náà pẹ̀lú gbà pé àtúnṣe ni àwọn ń ṣe.

4. Àkúnya àti omíyalé

Ọ̀rọ̀ méjì yìí ni ó ṣe pàtàkì jù fún wa. "Àkúnya" ni kí odò kún kọjá bèbè lọ sí àkùrọ̀ rẹ̀. Ìwà odò ni. "Omíyalé" ni kí àkúnya náà bá ilé lọ́nà. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò sí nínú omi. Ilé ni ó mú un wá. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ní Ìbàdàn kún, ó sì gbé ju 100 ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé mìíràn tún pa ju 100 lọ ní ìlú kan náà. Páànù àti ọ̀dà títì kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mu òjò; gbogbo rẹ̀ a di àgbàrá. Ìdọ̀tí a dí ojú odò, ilé a sì gba àkùrọ̀. Bí a bá fi kọnkéré tọ́ ojú odò ní apá kan, omi yóò tètè kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n yóò tètè dé bá àwọn tó wà nísàlẹ̀.

A kò lè wó gbogbo ilé Ìbàdàn. Síbẹ̀, a lè dá àkùrọ̀ tó ṣẹ́ kù sí, kí ó jẹ́ ti oko ẹ̀fọ́ àti pápá ìṣeré, èyí tí omi lè bò láìpa ẹnikẹ́ni.

Ìkádìí

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ọ̀nà tí onílé fi lè kọ̀ fún un ni kí ó mọ ibi tí odò ń dé. A rọ àwọn olùkọ́ kí wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí odò àdúgbò wọn lẹ́ẹ̀rùn àti lójò, kí wọ́n wọn fífẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì bi àwọn àgbà léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe ilẹ̀ tí omi ń bò. Bí ẹ̀ka-èdè kan bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju èyí tí a dábàá lọ, a ó fi tayọ̀tayọ̀ gbà á.