Imú Ẹlẹ́dẹ̀ àti Ọgbà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ohun búburú tó ń yọ́ wọlé ni wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí fún: ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹran nínú ìṣasùn, ọ̀rẹ́ tó ń fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ àbùkù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ẹlẹ́dẹ̀ náà. Kì í sáré kọlu ọgbà. Ibi tí igi méjì ti yẹ̀ díẹ̀ ló ń wá. Á ti imú bọ̀ ọ́, á tú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Bó bá di ọjọ́ kejì, ibẹ̀ náà ló ń padà sí. Kí onílé tó fura, orí ti wọlé, èjìká ti tẹ̀ lé e. Ní tèmi, ìwà yìí yẹ ẹni tó fẹ́ kí ọ̀la òun sàn ju òní lọ.

Ìtara ọjọ́ kìíní ló ń fìyà jẹ ọ̀pọ̀ nínú wa. Ọdún tuntun á dé, a ó ra ìwé jọ, a ó búra pé wákàtí méjì la ó máa fi kàwé lálaalẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, iná lọ, ara ọmọ ò yá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá wa dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìwé di ohun tí à ń gbé fìlà lé. Ọ̀lẹ kọ́ ló ṣe wá o. Ẹrù tí a dì ló ju agbára ọjọ́ tí yóò rù ú lọ.

Ẹ wo Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú omi ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé láàárín nǹkan bí oṣù 6 lòun ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun, tí wọ́n sì fi òun ṣe olùrànlọ́wọ́ nílé ìwé, tí wọ́n ń san kọ́bọ̀ méje àti eépìnnì kan fún òun lóṣù. Èyí wú mi lórí, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ló jù. Ní 1843, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Kò dáwọ́ dúró. Ibi tó bá ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀, etí rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tàbí òwe tí kò bá tíì ní, á kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe lójúmọ́ náà ló fi ń wá a, kò dúró de ọjọ́ ìsinmi. Ní 1862, iná jó ilé rẹ̀ l'Ékòó, ó sì jó àkójọ ọdún 11 mọ́ ọn. Ó tún gbé kálámù. Ní 1884, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é parí ìtumọ̀ odindi Bíbélì sí èdè Yorùbá.

Ẹnìkan lè ní ìjáfara léwu. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe díẹ̀ lójoojúmọ́ kò jáfara. Ẹni tó ń retí ọjọ́ tí àyè yóò gbà á ló ń jáfara.

Ká ní ọmọṣẹ́ télọ̀ kan ò mọ kọ́là rán. Kó tó gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, kó gé kọ́là kan ṣoṣo lára àjákù àńkárá tó wà nílẹ̀. Kó rán an, kó yí i síta, kó wo igun tó wọ́ àti èyí tó mú ṣáṣá. Kó fi ṣọ́ọ̀kì kọ déètì sí i lára, kó fi há ìṣó. Ilẹ̀ tí kò lè ṣàìgbá ni yóò máa rán an létí, nítorí náà kò nílò ìtara kankan. Kó má fi kọ́là tirẹ̀ wé ti ọ̀gá. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tó wà lórí ìṣó ni kó fi wé.

Bí ibà bá wá dá a dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́? Ọkàn rẹ̀ lè sọ pé kó rán méjì lọ́la láti fi dí ti òní. Kó má dá a lóhùn. Gbèsè kékeré báyìí ló máa ń di mẹ́ta, di márùn-ún, títí ojú á fi máa ti èèyàn láti wo ibi tí ìṣó wà. Kọ́là kan náà ni ti Ọjọ́rú.