Ṣé Kí N Dúró De Apá Kẹrin?

ÌBÉÈRÈ

Láti Ìdáàṣà ni mo ti ń kọ̀wé, láàárín àwọn òkè wa. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kàwé ní Kútọnu ló fi géèmù Crusader Kings III hàn mí nígbà tó wá lo ìsinmi nílé. Láti ìgbà náà, oorun kì í tètè kùn mí mọ́. Mo ń jọba, mo ń fẹ́yàwó, mo ń bímọ, mo ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò. Àmọ́ nígbàkigbà tí ọba mi bá ti wàjà, ṣe ni wọ́n máa ń pín ilẹ̀ tí mo fi ogójì ọdún jà fún láàárín àwọn ọmọ, ìwọ̀nba tó bá kù sí mi lọ́wọ́ kì í tó nǹkan.

Mo ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti ra kọ̀ǹpútà tèmi. Ọ̀rẹ́ mi wá ní kí n má tíì ra géèmù náà, ó ní apá kẹrin ń bọ̀, á sì dára ju èyí lọ. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n dúró? Nígbà tí mo ṣàlàyé eré náà fún bàbá mi, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Wọ́n ní kò sí ibi tí wọ́n ti ń pín ìlú bí ẹni ń pín ẹran ọdún.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Ìdáàṣà

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, o ṣé tí o kọ̀wé sí wa. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó kúrò nílẹ̀: má dúró.

Títí di ìgbà tí mo ń kọ èsì yìí, a kò tíì gbọ́ kí Paradox, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù náà ní ìlú Stockholm lórílẹ̀-èdè Sweden, kéde apá kẹrin kankan. Ìrètí àwọn tó fẹ́ràn eré náà ni ọ̀rẹ́ rẹ gbọ́, tó wá dà bí ìròyìn. N kò bá wọn wí, torí ìṣirò wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọdún 2004 ni apá kìíní jáde. Oṣù kejì ọdún 2012 ni apá kejì dé. Apá kẹta, èyí tí ò ń gbá yìí, jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020. Ọdún mẹ́jọ-mẹ́jọ ló wà láàárín wọn, ẹni tó bá sì ń fi ìka kà á yóò sọ pé ọdún 2028 ló kàn.

Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wo àwọn géèmù mìíràn tó ti ilé-iṣẹ́ yẹn jáde. Victoria II dé ní 2010, ó di 2022 kí a tó rí Victoria 3. Europa Universalis IV dé ní 2013, oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni ìkarùn-ún tẹ̀lé e. Ọdún méjìlá-méjìlá nìyẹn. Bí a bá fi èyí ṣe òṣùwọ̀n, a ti bọ́ sí 2032, ìwọ á sì ti ní ìyàwó gidi nílé kí apá kẹrin tó dé. Yàtọ̀ sí èyí, wọ́n ṣì ń kọ́lé sórí apá kẹta. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n gbé àfikún All Under Heaven jáde, tó na àwòrán ilẹ̀ eré náà dé Ṣáínà àti Japan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ ilé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò tíì múra àtikó jáde níbẹ̀.

Wọ́n lè ti máa ṣe nǹkan lábẹ́lẹ̀, a kò mọ̀. Bí iṣu ẹni bá ta, ọwọ́ là ń fi bò ó jẹ, àwọn ará Paradox sì mọ ọwọ́ í fi bò ó dáadáa. Oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni wọ́n kéde apá kẹta ní ìlú Berlin, kò sì pé ọdún kan lẹ́yìn náà tó fi wà lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ọjọ́ tí wọ́n bá kéde apá kẹrin, àyè ṣì máa wà fún ọ láti tún owó mìíràn tọ́jú.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń retí kì í fẹ́ gbọ́: ọmọ tuntun kì í bí pẹ̀lú eyín. Géèmù ńlá báyìí máa ń lo ọdún bíi mélòó kan kí ó tó gbó. Nígbà tí Cities: Skylines II, tí Paradox kan náà tẹ̀ jáde, dé ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn tó ní kọ̀ǹpútà olówó ńlá pàápàá ń kígbe pé ó ń wọ́ nílẹ̀. Imperator: Rome ti ọdún 2019 kò tilẹ̀ pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi dá iṣẹ́ dúró lórí rẹ̀. Ní tèmi o, apá kẹta tó ti gbó lónìí sàn ju apá kẹrin tí yóò dé láìgbó lọ.

Ra kọ̀ǹpútà rẹ. Bí owó kò bá tíì ká géèmù náà, tàbí tó jẹ́ kọ̀ǹpútà àlòkù tí kò lágbára ni o rí rà, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Crusader Kings II. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́ lórí Steam, ọjà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sì wúwo. Àléébù rẹ̀ ni pé, láìra àfikún, àwọn ọba onígbàgbọ́ nìkan ni o lè fi ṣeré, àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ wa. Ti apá kẹta dé: ilẹ̀ Yorùbá wà níbẹ̀, Ifẹ̀ wà níbẹ̀, o sì lè fi ìjòyè ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 867 tàbí 1066 títí dé 1453. Àkókò tí àwọn ará Ifẹ̀ ń rọ orí idẹ tí gbogbo ayé ń wò títí dòní wà nínú ọdún wọ̀nyẹn. Èdè Faransé wà nínú àwọn méjèèjì, èdè kò ní dí ọ lọ́wọ́. Dúró de ìgbà ẹ̀dínwó kí o tó ra apá kẹta, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì ọ́ láti ra gbogbo àfikún lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpìlẹ̀ nìkan á mú ọ jẹun fún oṣù púpọ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ. Òun ló dùn mọ́ mi jù nínú ìwé rẹ.

Bá mi kí wọn, kí o sì sọ fún wọn pé wọ́n ti pín ìjọba bí ẹran rí, nínú ìtàn tiwa. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, ogún ńlá kan wà tí àwọn ọmọ ọba méje pín ní Ifẹ̀. Ọba Ìbíní kó owó ẹyọ. Ọ̀ràngún Ìlá kó àwọn ìyàwó. Ọba Ṣábẹ, aládùúgbò yín, kó màlúù. Olúpópó kó ìlẹ̀kẹ̀, Olówu kó aṣọ, Alákétu kó adé. Ilẹ̀ nìkan ló kù fún Ọ̀rànyàn tó jẹ́ àbíkẹ́yìn, ilẹ̀ yẹn ló sì fi di olórí gbogbo wọn, torí ta ni yóò da màlúù tí kò ní tẹ̀ lórí ilẹ̀? Bí o bá ka ìtàn yìí tán, tí o wá wo ojú ìwé ogún nínú géèmù rẹ, wàá rí i pé ojúlùmọ̀ ni wọ́n.

Òfin tó ń dà ọ́ láàmú yẹn ni èyí tí ọ̀pọ̀ ọba fi ń bẹ̀rẹ̀ nínú eré náà. Ó máa ń pín gbogbo ilẹ̀ àti oyè fún àwọn ọmọ, á tilẹ̀ dá oyè tuntun sílẹ̀ fún àbúrò bí ilẹ̀ bá tó o. Orí-ò-jorí ni àwa ń pe irú pínpín bẹ́ẹ̀ nídìí ogún ilé: iye ọmọ, iye ìpín. Géèmù náà kò ní ìdí-igi, tí à ń pín ogún gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó tó bímọ. Ó dùn mí díẹ̀, torí pé nínú agbo ilé olórogún ni rìkíṣí tó dára jù máa ń wà.

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ jàre níbi kan. Ogún bàbá ni à ń pín, a kì í pín ìtẹ́. Ìtẹ́ ti ìlú ni, ìlú ló sì ń yan ẹni tí yóò gùn ún. Ní Kétu, ní ìhà gúúsù yín, ìdílé ọba márùn-ún ni oyè Alákétu máa ń yípo láàárín wọn: Alápìíni, Mágbò, Àró, Mẹ̀ṣà àti Mẹ̀fù. Ọmọ Alákétu kò lè sùn kí ó jí kí ó bá adé bàbá rẹ̀ lórí ara rẹ̀. Ó di ìgbà tí ilé mẹ́rin yòókù bá ti jẹ.

Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àrẹ̀mọ, àkọ́bí Aláàfin, ń bá bàbá rẹ̀ ṣe ìjọba nígbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n bí Aláàfin bá wàjà, òun náà gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ni yóò wá yan ọba mìíràn. Aláàfin Àtìbà ló yí òfin yìí padà kí ọmọ rẹ̀ Adélù lè jọba. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù gorí ìtẹ́, Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ìjàyè, sì kọ̀ jálẹ̀: kò ní tẹrí ba fún Àrẹ̀mọ tó yẹ kó ti bá bàbá rẹ̀ lọ. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù. Ogun bẹ́ ní 1860, Kúrunmí kú sínú rẹ̀, Ìjàyè sì tú pátápátá ní 1862. Gbogbo èyí nítorí ìlà kan tí ọba kan pa rẹ́ nínú òfin oyè. O mọ bọ́tìnì tí o máa ń tẹ̀ láti yí òfin ogún padà nínú géèmù? Bó ṣe ń wúwo tó nìyẹn.

Bí rìkíṣí ààfin ni o fẹ́, má wo ọ̀nà jíjìn, wo Àbọ̀mẹ̀, olú ìlú Dahomey. Ọdún 1818 ni Gezo lé ọba Adandozan kúrò lórí ìtẹ́, kò sì tẹ́ àwọn ará ààfin lọ́rùn láti lé e, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn ọba Dahomey. Àwọn ogun Dahomey yìí náà ló ń lé àwọn ènìyàn gun òkè ní agbègbè yín. Kétu tó wà lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ fọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní 1886, tòun ti odi rẹ̀. Ìdáàṣà ní òkè, ìran Ọmọ Jagun ṣì ń jọba níbẹ̀ dòní. Géèmù náà mọ nǹkan yìí: ẹni tó bá gbèjà ara rẹ̀ lórí òkè máa ń ní àǹfààní lórí ẹni tó wá kò ó lójú. Fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí o bá ń yan ibi ìjà.

Ohun tí mo ń retí nínú apá kẹrin nìyí, bó bá dé: ilé ọlọ́ba tó ń yípo, àti àwọn afọbajẹ tó lè sọ fún ọba pé ó tó gẹ́ẹ́. Àwòrán ilẹ̀ ti tó. Nínú apá kẹta, èyí tó sún mọ́ tiwa jù ni òfin tí wọ́n ń pè ní tanistry, ti àwọn ará Ireland àti Scotland, tí àwọn ìjòyè fi ń yan ẹnikẹ́ni nínú ìran ọba. Bí o bá fẹ́ mọ bí ó ṣe ń rí kí ènìyàn fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ojúrere àwọn afọbajẹ, bẹ̀rẹ̀ ní Ireland ní 1066.

Ní ti ìjọba rẹ tó ń túká, má ṣe dé adé ọba méjì pọ̀ bí òfin àkọ́kọ́ yẹn bá ṣì wà, torí adé kejì yóò bọ́ sórí ọmọ kejì, onítọ̀hún á sì di ọba òmìnira ní ààlà rẹ. Fún àwọn àbúrò ní ilẹ̀ tó wà létí nígbà tí ọba ṣì wà láàyè, kí ilẹ̀ àárín lè kù fún àrólé. Gbàrà tí ìmọ̀ àwọn ènìyàn rẹ bá tó, yí òfin padà sí èyí tó ń fún àrólé ní ìdajì, ó kéré tán. Àkọ́bí tó ń gba gbogbo rẹ̀ kò sí títí ọdún á fi lọ jìnnà. Bí ọmọkùnrin bá ti pọ̀ jù, tí ọba rẹ sì jẹ́ onígbàgbọ́, rán ọ̀kan nínú wọn lọ sí ilé àwọn mọ́ńkì, kò ní jogún mọ́. Ọ̀nà ẹ̀tàn ni, mo mọ̀. Àwọn ọba gidi lò ó.

Máa sùn lálẹ́, àbúrò. Nígbà tí o bá ra kọ̀ǹpútà náà, jókòó pẹ̀lú bàbá rẹ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ kí wọ́n bá ọ yan ẹni tí àrólé yóò fẹ́, kí o sì kọ̀wé sí wa padà láti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí.