Ẹ̀rọ Ìṣirò Tí Ń Ya Gíráàfù: Ǹjẹ́ Ó Yẹ Nínú Ìdánwò?

Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí a ti ń jiyàn lé lórí láti ìgbà tí a ti ti ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ dé. Ọ̀rọ̀ náà ni èyí: ǹjẹ́ ó yẹ kí a jẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé mú ẹ̀rọ ìṣirò tí ń ya gíráàfù wọ inú ìdánwò? Mo bẹ̀ yín, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun tí ojú mi rí, kí n tó sọ èyí tí mo rò.

Ní ilé-ìwé kan ní Ṣágámù ni mo ti fún kíláàsì SS 2 ní iṣẹ́ yìí: kí wọ́n ya gíráàfù y = x² − 2x − 3, láti ibi tí x jẹ́ −2 títí dé 4. Olúkúlùkù ni ó ní ẹ̀rọ ìṣirò kékeré lọ́wọ́. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan, mo rí i pé ó kọ −3 sí abẹ́ −2, ó sì kọ −2 sí abẹ́ −1. Mo bi í pé báwo ni ó ti ṣe é. Ó dáhùn pé, “Ẹ̀rọ ni ó sọ bẹ́ẹ̀, sà.” Ọmọ náà kò purọ́. Bí a bá tẹ −2, tí a sì tẹ àmì ìlọ́po lé e láìfi àkámọ́ sí i, ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ sọ 2 di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó fi àmì àyọkúrò sí iwájú rẹ̀. −4 ni yóò sì fún wa, dípò 4. Ohun tí a bi ẹ̀rọ ni ó dáhùn. Kì í ṣe ohun tí ọmọ náà ní lọ́kàn.

Mo wá fi àtẹ tí ó tọ́ hàn án: 5, 0, −3, −4, −3, 0, 5. Mo ní kí ó kà á lọ, kí ó sì kà á bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, nítorí ó rí i pé bákan náà ni. Láti ọjọ́ náà, bí àtẹ rẹ̀ bá wọ́, òun fúnra rẹ̀ ni í kọ́kọ́ fura.

Ẹ jẹ́ kí a wo òfin tí ó wà nílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyíinì ni WAEC, tí a dá sílẹ̀ ní 1952, gba ẹ̀rọ ìṣirò láàyè, bí kò bá ń pariwo, tí kò ní wáyà, tí a kò sì lè to ètò sí inú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ lè tẹ ìwé jáde, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ lè gba iṣẹ́ tàbí rán iṣẹ́. Tẹlifóònù kò sí nínú ohun tí a gbà. Níwọ̀n bí a ti lè to ètò sí inú ẹ̀rọ tí ń ya gíráàfù, kò bá òfin yìí mu. Pẹ́ńsùlù, rúlà àti ìwé onígun ni ọmọ wa yóò fi ya tirẹ̀.

Ní ilẹ̀ mìíràn, ọ̀tọ̀ ni. Ní 1985 ni ilé-iṣẹ́ Casio gbé irú ẹ̀rọ yìí jáde. Ní Amẹ́ríkà, láti 1995 ni ìdánwò Calculus tí a ń pè ní AP ti ní apá kan tí a kò lè ṣe láìní in. Àwọn Cambridge pàápàá kò fi ẹnu kò sí ọ̀nà kan: wọ́n kà á léèwọ̀ nínú Mathematics ti A Level, wọ́n sì béèrè rẹ̀ nínú International Mathematics ti IGCSE.

Àwọn tí ń fẹ́ ẹ ní ẹjọ́ rere láti rò. Wọ́n ní, láti ìgbà tí John Napier ti tẹ àtẹ lọ́gárítímù jáde ní 1614 ni ènìyàn ti ń fi iṣẹ́ ọpọlọ ẹlòmíràn dín wàhálà tirẹ̀ kù. Àtẹ náà ni àwọn bàbá wa fi ṣe ìdánwò, kò sì sí ẹni tí ó pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdí tí mo fi ń lọ́ra.

Èkínní: ojú ẹ̀rọ kò tó nǹkan. Bí ojú náà bá fi −10 sí 10 nìkan hàn, tí a sì ní kí ó ya y = x² − 20x + 91, ìlà kan ṣoṣo ni a óò rí tí ń sọ̀ kalẹ̀, tí ó sì gé ìlà ìdábùú ní 7. Ọmọ tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ yóò kọ 7, yóò sì jókòó. Ẹni tí a kọ́ dáadáa mọ̀ pé àròpọ̀ ìdáhùn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ 20. Yóò wá 13 tí ó fara pamọ́.

Èkejì: ẹ̀rọ yìí wọ́n ju kékeré lọ gidigidi. Bí a bá fi ọmọ olówó àti ọmọ ìyá tí ń ta obì ní Ṣágámù sínú gbọ̀ngàn kan náà, tí ọ̀kan rí ìlà kí èkejì tó fa rúlà, àpò bàbá ni a dán wò, kì í ṣe ọpọlọ ọmọ.

Kí ni kí a ṣe? Kí ọmọ kọ́kọ́ fojú díwọ̀n ìdáhùn. Òǹkà Yorùbá pàápàá ti kọ́ wa ní èyí: márùndínláàádọ́ta ni 50 tí a yọ 5 kúrò, àádọ́ta sì ni 60 tí a yọ 10 kúrò. Lẹ́yìn èyí, kí ó fi ọwọ́ ya gíráàfù. Nígbà náà ni kí olùkọ́ tó lo GeoGebra tàbí Desmos, tí a ń rí lọ́fẹ̀ẹ́, láti fi gíráàfù púpọ̀ hàn kíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ti ìdánwò, kí a dúró títí àwọn tí ń ṣe ìdánwò yóò fi lè pèsè ẹ̀rọ kan náà fún gbogbo ọmọ, bí a ti fi Desmos sínú ìdánwò SAT orí kọ̀ǹpútà, tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún àwọn ọmọ tirẹ̀ ní 2024.

Ẹ̀yin ará, èmi náà kì í sábà yẹ ìdáhùn ẹ̀rọ wò, kí ọmọ náà tó là mí lójú. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Bí àwa tí a óò di olùkọ́ kò bá bi ẹ̀rọ léèrè pé “Kí ló dé?”, àwọn ọmọ wa kò ní í bi í.