Títẹ̀ Là Ń Tẹ Dùùrù: Èdè Ẹni Tó Fẹ́ Ra Kíbọ́ọ̀dù Sílé

Ìlù là ń lù, fèrè là ń fọn, gìtá là ń ta, ààjà là ń mì. Dùùrù ní tirẹ̀, títẹ̀ là ń tẹ̀ ẹ́. Ohun èlò kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀ lédè wa, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń gbọ́ wa á ti mọ iṣẹ́ tí ọwọ́ tàbí ẹnu ń ṣe kó tó fojú kan ohun èlò náà. Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo. Àtàǹpàkò ló ń ta irin pẹlẹbẹ orí agídìgbo, síbẹ̀ lílù ni wọ́n pè é, torí ìlù ni wọ́n kà á sí.

“Ó ń ṣeré kíbọ́ọ̀dù” tó ti gba ẹnu àwọn ọ̀dọ́ wa kan báyìí, Gẹ̀ẹ́sì ló bí i. Eré wà nínú ọ̀rọ̀ orin wa lóòótọ́: olórin jùjú ń ṣeré lóde àríyá, òṣèré sì ni. Àmọ́ òde la ti ń ṣeré. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ohun èlò tó wà lọ́wọ́, ẹ sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe sí i. Ẹni tó ń tẹ dùùrù, atẹdùùrù ni.

Ẹ kíyè sí ohùn orí ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Ohùn ìsàlẹ̀ ni tẹ̀ ní, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, á bọ́ sí ohùn àárín: tẹ dùùrù. Níwájú arọ́pò-orúkọ, á padà sí ìsàlẹ̀: tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni rà: mo fẹ́ ra dùùrù, mo ti rà á. Ibi tí òfin yìí ti ń dá ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ gìtá. “Ó ta gìtá rẹ̀ lánàá.” Ṣé ó gbé e lọ sọ́jà ni, àbí ó fi dá àwọn èèyàn lára yá? Títa àti títà ti pàdé níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, a ò lè yà wọ́n mọ́. Arọ́pò-orúkọ ló máa là wọ́n: “ó ta á” ni ti ẹni tó fọwọ́ kan okùn, “ó tà á” ni ti ẹni tó gbowó.

Orúkọ ńkọ́? Nínú Bíbélì Mímọ́, dùùrù ni wọ́n pe ohun èlò olókùn tí Dáfídì ń lò. Lẹ́yìn náà ni orúkọ náà bọ́ sára ẹ̀rọ ńlá inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó kan pianó, ó wá kan kíbọ́ọ̀dù. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí kíbọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ àyálò tó ti fìdí múlẹ̀ ni. Àmọ́ kíbọ́ọ̀dù náà la ń pe ohun tí a fi ń tẹ̀wé lórí kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá sì fẹ́ gba orin sílẹ̀ nílé á ní méjèèjì lórí tábìlì kan ṣoṣo. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ pe ti orin ní dùùrù.

Ọ̀rọ̀ tó ń da oníbàárà àti ọlọ́jà rú jù ni “sókè”. Oníbàárà dúró síwájú ẹ̀rọ, ó ní, “Ẹ bá mi gbé ohùn ẹ̀ sókè.” Kí ló fẹ́ gan-an? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi tí wọ́n gbé orin náà lé ti rẹlẹ̀ ju ohùn ẹnu rẹ̀ lọ. Bọ́tìnnì ọ̀tọ̀ ló wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ẹ̀kọ́ èdè, ohùn òkè ni mí, nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ẹ̀wẹ̀, ẹni tó gbóhùn sókè pariwo ni. Lójú tèmi, ẹ jẹ́ ká pín in báyìí: tó bá jẹ́ ti ariwo, ẹ ní “ẹ jẹ́ kó dún sí i” tàbí “ẹ dín ariwo rẹ̀ kù”. Tó bá jẹ́ ti ohùn, ẹ ní ohùn tín-ín-rín àti ohùn tó rinlẹ̀, kí ẹ sì ní “ẹ sún orin náà sókè ní kíì kan”.

Ọ̀rọ̀ ohùn yìí gan-an ni mo fi ń yan dùùrù. Ẹ tẹ re lẹ́ẹ̀mejì: igba ni, ọ̀rọ̀ òǹkà. Ẹ tẹ re, kí ẹ tẹ mí: igbá ni, èyí tí a fi ń bu omi. Ẹ tẹ re, kí ẹ tẹ dò: igbà ni, okùn tí akọ̀pẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Kíì funfun mẹ́ta ti sọ̀rọ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹ wá pe Ọ̀yọ́, kí ẹ sì fetí sí ẹnu yín. Ohùn kejì kì í fò láti ìsàlẹ̀ bọ́ sókè, ńṣe ló ń yọ́ gùn ún. Ẹ pe rárà, ohùn kejì á yọ́ sọ̀kalẹ̀. Onídùndún mọ èyí dunjú: bí ó bá ti fi ọ̀pá lu awọ, á fún ọṣán mọ́ abẹ́ apá nígbà tí ohùn ṣì ń dún, ìlù á sì wí i bí ẹnu ṣe wí i. Kíì dùùrù ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kálukú dúró sáyè rẹ̀ ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo apá òsì ẹ̀rọ kí n tó wo ohunkóhun mìíràn. Lára èyí tó dára, ẹ máa rí kẹ̀kẹ́ kékeré kan níbẹ̀ tí ìka lè yí síwájú tàbí sẹ́yìn, tó sì ń padà sáàárín fúnra rẹ̀ bí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀. Pitch bend làwọn olórin ń pè é. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, bí wọ́n ṣe tò ó láti iléeṣẹ́, ó lè fa ohùn lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n kíì méjì, tí a bá ka dúdú mọ́ funfun. Ìyẹn tó láti pe Ọ̀yọ́. Àwọn kékeré olówó pọ́ọ́kú kì í sábà ní in. Bó bá jẹ́ orin Yorùbá lẹ fẹ́ ṣe nílé, ẹ má fowó yín ra èyí tí kò ní in, bó ti wù kó ní ìlù àti ìmọ́lẹ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ bí ohùn orin ṣe máa bá ohùn ẹnu mu yìí kì í ṣe tuntun láàárín àwọn atẹdùùrù wa. Ekundayo Phillips, tó jẹ́ atẹdùùrù Kàtídírà Christ ní Marina l’Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbé ìwé Yoruba Music jáde lọ́dún 1953. Bí ọ̀rọ̀ sísọ àti orin ṣe so pọ̀ ni ìwé náà dá lé. Ó nídìí: àwọn orin ìsìn tí a túmọ̀, tí a sì fi ohùn orin òyìnbó kọ, ti lọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wa lọ́rùn, tí ìtumọ̀ fi sá lọ. Ẹni tó ń kọ orin tuntun sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ lónìí ṣì ń bá iṣẹ́ kan náà wọ̀jà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yẹ kẹ̀kẹ́ pitch bend yẹn wò, ẹ tẹ kíì kan jẹ́jẹ́, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ tagbára-tagbára. Bí méjèèjì bá dún bákan náà, ẹ̀rọ náà ò mọ ìyàtọ̀ ọwọ́. Kí ẹ tó kọ̀ ọ́, ẹ ní kí ọlọ́jà wò ó bóyá ńṣe ni wọ́n pa ètò tó ń mọ ìyàtọ̀ náà, torí a lè tan án, ká sì pa á. Ní ti iye kíì, 61 tó fún ọ̀pọ̀ wa. Ẹni tó fẹ́ kọ́ pianó gidi ni kó wá 88 tó wúwo lábẹ́ ìka.

Wàyí o, gbígbà sílẹ̀. “Gbà mí sílẹ̀” ni ẹni tó wà nínú ìṣòro ń ké. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ ọ́ pé “wọ́n gba akọrin náà sílẹ̀”, ẹ̀wọ̀n lòǹkàwé máa rò. Ẹ fi ohùn kún un: wọ́n gba ohùn akọrin náà sílẹ̀. Àwọn mìíràn ń sọ pé wọ́n ká ohùn sílẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Kíkọ sílẹ̀ ní tirẹ̀, ti orí ìwé ni.

Dùùrù kan wà tí kì í ṣe ohùn ló ń fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Láti 1983 ni MIDI ti wà, òun sì ni ọ̀nà tí àwọn ẹ̀rọ orin fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: kíì wo lẹ tẹ̀, báwo lẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, ìgbà wo lẹ fi í sílẹ̀. Títẹ̀ yín ló ń gbà sílẹ̀. Ìyẹn ló fi ṣeé ṣe pé kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní pianó lónìí, kí ẹ sọ ọ́ di fèrè lọ́la, kí ẹ sì tún ibi tí ìka ti ṣì ṣe láì tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé èyí nìkan ni iṣẹ́ wọn, wọn ò ní ohùn tiwọn rárá. Synthesizer ní ohùn tirẹ̀, tí ẹ sì lè fọwọ́ ara yín mọ bó bá ṣe wù yín, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ò ní gbohùngbohùn lára. Ẹ bi ọlọ́jà ní tààrà: “Ṣé ó ní ohùn tirẹ̀, àbí kọ̀ǹpútà ló máa bá a dún?”

Ní ọjà Àlàbá l’Ékòó, ẹ máa gbọ́ tòkunbọ̀, ẹ máa gbọ́ àlòkù. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Tòkunbọ̀ ń sọ ibi tó ti wá, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n gbé wálé ṣe ń jẹ́ Tòkunbọ̀. Àlòkù ń sọ pé ẹnì kan ti lò ó. Dùùrù tòkunbọ̀ sì yẹ ká bi í léèrè òkun tó ti bọ̀. Èyí tó wá láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, iná ibẹ̀ àti tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Iná Amẹ́ríkà kò ju 120 volt lọ, bẹ́ẹ̀ tiwa jẹ́ 230. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ádápítà. Bí ẹ bá rí 100–240, ẹ sanwó. Bí 120 nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ má kì í bọ iná. Ẹ wá òmíràn tí volt tó ń gbé jáde bá èyí tí wọ́n kọ sẹ́yìn dùùrù mu, kí ẹ sì wo àwòrán kékeré tó ń fi hàn bóyá inú ẹnu wáyà ni àmì ìròpọ̀ wà tàbí ìta rẹ̀, nítorí kò dọ́gba láti iléeṣẹ́ kan sí èkejì.