Ìkasì Nínú Ilé Adìẹ

Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò ń rọ̀, kì í ṣe oko nìkan ni omi ń wọ̀. Ó ń wọ ilé adìẹ ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú. Èérún pákó tí a tẹ́ sílẹ̀ yóò mu omi, ìgbẹ́ adìẹ yóò dà pọ̀ mọ́ ọn, kò sì ní pẹ́ tí ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé kan yóò fi bò ó bí òwú. Ìkasì nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀gbin lásán ni, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ìkasì a máa so èso wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí, atẹ́gùn a sì máa gbé e kiri. Bí òròmọdìẹ bá fà á símú, yóò hù nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Òròmọdìẹ náà yóò la ẹnu sílẹ̀, yóò na ọrùn, yóò máa wá èémí. Àwọn ọmọ kékeré ni ó ń tètè pa. Àìsàn yìí kì í ràn láti ara adìẹ kan sí òmíràn. Inú ilé ọlọ́rinrin tí gbogbo wọn jọ wà ni wọ́n ti ń kó o. Lúkúlúkú ní tirẹ̀ ń ràn, ó ń pa àgbà àti ọmọ, a sì máa lọ́ wọn lọ́rùn. Bí ọ̀ràn náà bá rú olóhun lójú, kí ó gbé òkú adìẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kí ó là á wò. Kápúsù ọjà tí àwọn kan ń tú sínú omi adìẹ kò lè pa ìkasì. Owó wọn ni ó ń ṣòfò.

Ilẹ̀ ilé náà ni iṣẹ́ wà. Kí a kó àwọn adìẹ jáde. Kí ẹni tí yóò gbá a fi aṣọ bo imú àti ẹnu, nítorí eruku náà kò dára fún ènìyàn. Ẹni tí èémí ń dà láàmú kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Kí a wọ́n omi díẹ̀ sí i kí ó má baà bú sókè, kí a kó gbogbo rẹ̀ jìnnà, kí a fi ọṣẹ fọ pákó àti ilẹ̀, kí oòrùn gbẹ wọ́n kí a tó tẹ́ èérún tuntun. Láti ìgbà náà lọ, kí a máa bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún wò: bí ó bá dì bí òkèlè, omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀; bí ó bá tú ká wẹ́rẹ́, ó dára.

Fífọ kò ní ṣe àǹfààní bí páànù bá ṣì ń jò, tàbí bí abọ́ omi bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí adìẹ ń dà á nù. Kí a gbé abọ́ náà lé orí bíríkì. Ẹni tí ó sì fi ọ̀rá dí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé nítorí òtútù, ìkasì ni ó ń sìn ju adìẹ lọ. Àwọn wáyà ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, kí atẹ́gùn lè kọjá.

Èyí tí ó léwu jù ni ti oúnjẹ. Bí àgbàdo bá hùkasì, àwọn ará ilé a ní kí a dà á fún adìẹ. Ní ọdún 1960, nǹkan bí 100,000 tòlótòló kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí èérí ẹ̀pà tí ó ti ilẹ̀ Brazil wá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wádìí rẹ̀, wọ́n rí májèlé tí ìkasì ń pèsè, èyí tí wọ́n sọ ní aflatoxin. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bà jẹ́. Sísè kò mú un kúrò, yíyan kò mú un kúrò, ó sì lè ti ara adìẹ dé inú ẹyin. Ní ọdún 2004, ènìyàn 125 kú ní ilẹ̀ Kenya lẹ́yìn tí wọ́n jẹ àgbàdo tí májèlé yìí wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, àgbàdo tí ó bu kò yẹ fún adìẹ, kò sì yẹ fún ògì.

Kí a sá àgbàdo lórí ẹní tàbí tapólì títí yóò fi máa ró bí a bá fi eyín fọ́ ọ. Kí a to àpò lé orí pákó, kí ó má kan ilẹ̀, kí ó má kan ògiri. Ní àkókò òjò, oúnjẹ adìẹ tí yóò tó ọ̀sẹ̀ méjì ni kí a máa rà lẹ́ẹ̀kan.