Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Ọ̀pọ̀, Íǹkì Ọ̀wọ́n

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé inú ilé tẹ ìwé ètò ìsọmọlórúkọ, ìwé ètò ìsìnkú àti rìsíìtì òwò. Ẹ̀rọ náà kì í sábà wọ́n. Íǹkì rẹ̀ ló ń gbọ́n wa lápò gbẹ. Ọgbọ́n àwọn tó ń ṣe é ni: wọ́n á ta ẹ̀rọ ní ọ̀pọ̀, wọ́n á sì jèrè lórí íǹkì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ wo iye ojú ìwé tí wọ́n ní kátíríìjì lè tẹ̀, kí ẹ fi pín owó rẹ̀. Ká ní ti 20 dọ́là ń tẹ ojú ìwé 120, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ sí sẹ́ǹtì 17. Ìwé ètò 200, olójú ìwé 4, yóò jẹ íǹkì bíi 133 dọ́là, láìka pépà. Bí tónà ẹ̀rọ léésà bá jẹ́ 60 dọ́là, tó ń tẹ 1,200, iṣẹ́ kan náà yóò jẹ́ 40 dọ́là péré.

Íǹkì tún máa ń gbẹ bí a kò bá lò ó, ẹ̀rọ sì ń fi lára rẹ̀ fọ ẹnu ara rẹ̀. Ìyẹ̀fun ni tónà; kì í gbẹ.

Àwọn kátíríìjì àtúnrọ ńkọ́? Ní 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé bí ilé iṣẹ́ bá ti ta kátíríìjì, kò lè fi òfin patent dí ẹni tó tún un rọ lọ́wọ́. Àmọ́ àwọn ẹ̀rọ kan ń kọ̀ ọ́. Ẹ bèèrè kí ẹ tó rà á.

Kí a tó ra ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè owó íǹkì. Ajé á wọgbá o.